Àwọn Quaker àti ọ̀rọ̀ àwa èèyàn dúdú: ṣé òótọ́ ni wọ́n jà fún wa?

ÌyáTáyé_Philly:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì mú mi lọ sí ìpàdé àwọn Quaker, ìjọ Kristẹni kan, ní Philadelphia níbí. Kò sí pásítọ̀, kò sí ìlù, kò sí orin. Gbogbo wọn jókòó, wọ́n dákẹ́. Nígbà tó yá, obìnrin kan dìde, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú tó wà lẹ́wọ̀n, ó jókòó, ilé tún dákẹ́. Wọ́n ta bánà Black Lives Matter (ẹ̀mí èèyàn dúdú ṣe pàtàkì) sára ògiri lóde. Ìjọ Àpọ́sítélì ni wọ́n bí mi sí, àdúrà kíkan ni mo mọ̀. Báwo ni àwọn tó ń dákẹ́ báyìí ṣe di ẹni tó gbógun ti òwò ẹrú? Àbí wọ́n kàn ń fi ìtàn yin ara wọn ni? Àwọn ọmọ mi ń béèrè.

BàbáKékeré:
Ẹ má jẹ́ kí bánà tàn yín jẹ, ìyá wa. William Penn tó dá Pennsylvania sílẹ̀, Quaker ni, ó sì ní ẹrú.

Àdùkẹ́WestChester:
Ìyá Táyé, ẹ kú ìbéèrè. Mo ti ń bá wọn jókòó láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn mi wà ní jẹ́léósinmi. Ó ti wọ yunifásítì báyìí. Òótọ́ ni Bàbá Kékeré sọ nípa Penn. Ohun tí màá fẹ́ kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ ni pé àwọn èèyàn díẹ̀ ló jà, ẹgbẹ́ tiwọn gan-an ni wọ́n sì kọ́kọ́ bá jà.

Ní 1688, ọkùnrin mẹ́rin ní Germantown kọ̀wé sí ìpàdé wọn pé ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n kó òun lẹ́rú kò gbọdọ̀ kó ẹlòmíì. Ìwé náà ti ìpàdé kan dé òmíràn títí tó fi dé ìpàdé ọdọọdún, èyí tó ga jù láàárín wọn, ní Burlington, wọ́n sì gbé e sílẹ̀ síbẹ̀. Ọdún 1776 ni ìpàdé ọdọọdún Philadelphia tó sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ ní ẹrú mọ́. Wọn kì í dìbò, ẹ rí i. Akọ̀wé tó ń darí ìpàdé á máa tẹ́tí títí ọkàn gbogbo ilé á fi ṣọ̀kan, kó tó kọ ìpinnu sílẹ̀. Àwọn olówó tó ní ẹrú sì wà nínú ilé yẹn.

Benjamin Lay ló wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù nínú gbogbo wọn. Aràrá ni, abuké ni. Ó ti gbé ní Barbados, ó fojú ara rẹ̀ rí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹrú. Kò fi ṣúgà kan ẹnu mọ́, kò sì wọ aṣọ tí ẹrú bá ṣe. Ní 1738, ó wọ ìpàdé ọdọọdún ní Burlington, ó fi kóòtù ńlá bo aṣọ ológun àti idà. Ó ti gbẹ́ inú ìwé ńlá kan, ó fi àpò ìtọ̀ ẹran tó kún fún omi èso pupa sínú rẹ̀. Ó ní bí Ọlọ́run yóò ṣe ta ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń kó ẹlẹgbẹ́ wọn lẹ́rú sílẹ̀ nìyí, ló bá fa idà yọ, ó gún ìwé náà. Omi pupa ta sára àwọn tó jókòó nítòsí. Wọ́n gbé e síta, wọ́n sì lé e kúrò nínú ẹgbẹ́. Ó ju igba ọdún lọ kí ìpàdé Abington, tó wà lára àwọn tó lé e, tó jẹ́wọ́ pé tiwọn ni.

Ẹ má sì fi ti Sarah Mapps Douglass pa mọ́ fún àwọn ọmọ. Olùkọ́ ni, èèyàn dúdú ni, òun àti ìyá rẹ̀ ń lọ sí ìpàdé Arch Street ní Philadelphia. Bẹ́ǹṣì ọ̀tọ̀ ni wọ́n yà sílẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn 1776 lèyí o! Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ẹni tó gbé bánà síta, inú ilé rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ wò.

Bayard Rustin náà, èèyàn dúdú, ọmọ West Chester níbí, ìyá ìyá rẹ̀ Julia ló fi ìgbàgbọ́ Quaker tọ́ ọ. Òun ló ṣètò ìwọ́de Washington fún ẹ̀tọ́ àwa èèyàn dúdú, ti ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ 1963.

ỌmọSàró:
Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa náà. Hannah Kilham, Quaker ará Ìlú Ọba, lọ sí Sierra Leone, ó ń kọ èdè àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú sílẹ̀ kí wọ́n lè fi èdè wọn kọ́ ọmọ wọn níwèé. Ìwé tó tẹ̀ ní 1828 ní ọ̀rọ̀ Àkú nínú, ìyẹn Yorùbá wa.

ÌyáTáyé_Philly:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Àǹtí Àdùkẹ́, báwo ni mo ṣe máa wo inú ilé wọn?

Àdùkẹ́WestChester:
Ìpàdé iṣẹ́ wọn ni kí ẹ lọ, èyí tí wọ́n máa ń ṣe lóṣooṣù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ owó. Ẹ bi wọ́n ta ló kọ́kọ́ dá bánà yẹn lábàá, ta ló ta kò ó, kí ni wọ́n sì ti ṣe láti ìgbà náà. Ní 2022, àwọn ti Britain pinnu pé àwọn yóò san ẹ̀san lórí òwò ẹrú. Ẹ béèrè bóyá àwọn tiyín ti sọ̀rọ̀ kàn án. Ẹ kọ̀wé sí akọ̀wé wọn kẹ́ ẹ tó lọ. Bó bá ní kò burú, ẹ mú àwọn ọmọ dání.