Ariwo Inú Fóònù: Ẹ Wá Sọ Ohun Tí Ojú Yín Rí

Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́

Ẹ kú ilé o. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi tán kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. London ni mo ń gbé, Ìbàdàn ni màmá mi wà, wọ́n ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà. Gbogbo alẹ́ Sọ́ńdè ni mo máa ń pè wọ́n. Ó tó oṣù mẹ́ta tó jẹ́ pé ohùn ara mi ni mò ń gbọ́. Bí mo bá ní "Ẹ kú alẹ́, mà", kí n tó pa ẹnu dé, "ẹ kú alẹ́, mà" ti padà dé etí mi, á máa dún gbọ̀n-ọ́n bí ẹni wà nínú kànga. Bí mo bá dárúkọ iye owó tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń gbọ́ ọ. Àyà mi á já. Màmá ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan ní tiwọn, pé ohùn mi já gaara.

Mo kúkú gbà pé fóònù mi ló ti bàjẹ́. Mo ra earpiece tuntun, kò yí padà. Mo fi fóònù ọ̀rẹ́ mi pè wọ́n, bákan náà ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Manchester ní òun náà ń gbọ́ ọ, àti pé ó dá òun lójú, ẹnì kan ló ń dẹtí sí wa. Ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀ débi pé ẹnà la fi ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá wa lórí fóònù.

Disẹ́ḿbà tí mo délé ni àṣírí tú. Ẹ̀gbọ́n mi pè, mo wà níbẹ̀. Màmá nu ọwọ́ nídìí ìró, wọ́n tẹ sípíkà, wọ́n wá gbé fóònù wọ inú ife páànù kan, ìyẹn tó ti họ létí, tí wọ́n fi ń mu ògì. Wọ́n tẹ ẹnu bọ ife, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Mo ní, "Mọ́mì, kí lẹ̀ ń ṣe?" Wọ́n ní, "Ibẹ̀ ló ti ń dún dáadáa."

Òótọ́ ni, ó ń dún. Àmọ́ ihò tí ohùn ń gbà jáde àti ihò tí ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé ló jọ wà nísàlẹ̀ ife. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi á jáde, á lu ara páànù, á sì gba ihò kejì padà sí Manchester. Fóònù fúnra rẹ̀ máa ń gbìyànjú láti yọ irú ohùn bẹ́ẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n ife yẹn ju agbára rẹ̀ lọ. Mo yọ fóònù jáde. Ẹ̀gbọ́n mi pariwo lọ́hùn-ún: "Háà, ó ti lọ!"

Ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni kó ti wá a o. Owó earpiece mi ti lọ.

Télọ̀ Ìyànà

Tèmi ò jọ tìyẹn. Rédíò kékeré kan wà lórí tábìlì tí mo fi ń ránṣọ, mo sì máa ń gbé fóònù onítọ́ọ̀ṣì mi tì í. Kí ìpè tó wọlé, rédíò á kọ́kọ́ ké: tí-tí-tí, tí-tí-tí, bùùù. Lẹ́yìn náà ni fóònù á wá dún. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní rédíò náà ń ríran.

Ẹnjiníà kan tí mo ń ránṣọ fún ló là mí lóye. Ó ní lórí 2G, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ tí fóònù onítọ́ọ̀ṣì mi ń lò, fóònù kì í bá máàsìtì sọ̀rọ̀ ní àsọìdákẹ́. Á sọ díẹ̀, á dákẹ́, bí ẹni ń ṣẹ́jú, ìgbà 217 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí fóònù mẹ́jọ lè jọ pín ojú ọ̀nà kan ṣoṣo. Agbára tó fi ń sọ ọ́ lè tó wáàtì 2. Wáyà inú rédíò ló ń gbá a mú, tí sípíkà ń sọ ọ́ di ariwo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí ìgbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Nàìjíríà lọ́dún 2001, ẹ ó mọ̀ ọ́n. Fóònù 4G ọmọ mi kì í ṣe é. Mo gbé rédíò lọ sí igun kejì, ó parí, àwọn ọmọ iṣẹ́ ò sì ní aríran mọ́.

Ìyàwó Àárọ̀

Ẹ má sọ fún ọkọ mi o. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá pè mí, wọ́n á ní, "Ìyàwó, kí ló ń dún kọ́-kọ́-kọ́ lọ́dọ̀ rẹ yẹn?" Àwọn ọ̀rẹ́ mi ò gbọ́ ọ rí. Ẹnì kan ní kí n tẹ *#21#, á fi ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi hàn. Mo tẹ̀ ẹ́, òyìnbó rẹpẹtẹ ló jáde, mi ò sùn lóru yẹn.

Yẹtí ni. Yẹtí gbẹ̀dẹ̀mùkẹ̀ tí mo rà fún ìgbéyàwó àbúrò mi. Bí mo bá ń bá ẹ̀gbọ́n ọkọ sọ̀rọ̀, "bẹ́ẹ̀ ni mà, bẹ́ẹ̀ ni mà", orí ni mo fi ń gbà á, yẹtí á sì máa lu fóònù. Ta ló ń mi orí fún ọ̀rẹ́?

Oníṣẹ́ Fóònù

Ìyàwó Àárọ̀, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. *#21# kàn ń béèrè bóyá wọ́n ń darí ìpè yín sí nọ́ńbà mìíràn ni. Bí wọ́n bá ń darí ẹ̀, ##002# ló ń pa á rẹ́. Kò kan ariwo rárá, ẹni tó bá sì ń dẹtí síni ní tòótọ́, kò ní jẹ́ kó dún.

Kẹ́ ẹ tó gbé fóònù wá bá mi, ẹ fi gba ohùn ara yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ́tí sí i. Bí ariwo bá wà níbẹ̀, fóònù yín ni. Bí kò bá sí, ẹ fi síìmù sínú fóònù mìíràn, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ariwo ṣì wà. Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá ń gba iná nìkan ló ń dún hùùù, ṣájà ni, ẹ yọ ọ́. Pọ́ọ̀ṣì tuntun náà máa ń bo ihò kékeré tó wà lókè, èyí tí fóònù fi ń gbọ́ ariwo àyíká kó lè yọ ọ́ kúrò. Ti ẹlẹ́lùbọ́ ńkọ́? Bí èlùbọ́ bá ti dí ihò fóònù màmá, tí kò fi dún dáadáa láìsí ife, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀, tó gbẹ ni kẹ́ ẹ fi gbọn ún. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe abẹ́rẹ́! Abẹ́rẹ́ ló ń fún mi lówó oúnjẹ.

Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Àbúrò mi ti fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ún, ó ní èlùbọ́ tó jáde tó fi ro àmàlà ọmọdé. Àmọ́ lálẹ́ àná tí mo pè, ohùn mi tún padà wá. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ yọ ọ́ nínú ife." Wọ́n bínú. Wọ́n ní àwọn ò lo ife mọ́, abọ́ ni.