Àkọsílẹ̀ ìwọlé Gmail ẹgbẹ́ wa: báwo ni ká ṣe kà á?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Ìbàdàn, àwa mẹ́ta la sì jọ ń lo Gmail ẹgbẹ́ náà. Mo fi Google Takeout, irinṣẹ́ tí Google fi ń fún ènìyàn ní ẹ̀dà ìsọfúnni rẹ̀, gba fáìlì àkọsílẹ̀ ìwọlé rẹ̀, mo sì ṣí i nínú Excel. Ìlà kan sọ pé Èkó ni ẹni tó wọlé wà, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó kúrò ní Ìbàdàn nínú wa lọ́jọ́ náà, òmíràn ní 23:20 ọjọ́ kẹrin oṣù ni wọ́n ṣí i, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ karùn-ún, lẹ́yìn ọ̀gànjọ́, ni mo ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlà ló sì ń dárúkọ “Android 10, K”, fóònù tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní. Ṣé olè ti wọlé ni?

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì
Ẹ kú ìfura, Akọ̀wé wa. Ẹ má ka orúkọ ìlú sí ẹ̀rí. Àdírẹ́sì IP, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n fi ń fojú bu ibi tí ènìyàn wà, àdírẹ́sì yìí kì í sì í sábà jẹ́ ti fóònù yín nìkan: àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù máa ń fi ẹyọ kan sin ọ̀pọ̀ oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá sì jẹ́ pé Èkó ni ẹ̀rọ wọn ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ará Èkó ni àkọsílẹ̀ yóò máa pe ẹni tó jókòó sí Bódìjà. Orúkọ orílẹ̀-èdè ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò, àyàfi tí ẹnìkan nínú yín bá ń lo VPN, áàpù tó ń fi ibi tí ènìyàn wà pamọ́. Ní ti àkókò, UTC, àkókò tí gbogbo ayé fi ń ṣe òdiwọ̀n, ni fáìlì náà ń lò, Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. 23:20 ọjọ́ kẹrin jẹ́ 00:20 ọjọ́ karùn-ún lọ́dọ̀ wa. Ó jọ pé ẹ̀yin fúnra yín ni.

Ìyá Kọ̀ǹpútà
Ti “Android 10, K” kò le rárá. Láti ọdún 2023 ni Chrome, áàpù tí a fi ń ṣí ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, ti ń fi irú fóònù àti ẹ̀dà Android pamọ́, tó ń kọ ohun kan náà fún gbogbo ènìyàn, kí ó má baà rọrùn láti fi dá oníbàárà mọ̀. Bákan náà ni “Windows NT 10.0” ṣe dúró fún Windows 10 àti 11. (“Mozilla/5.0” tó ṣáájú wọn kò wúlò fún nǹkan kan, àṣà àtijọ́ ni.) Òpó tí èmi máa ń kọ́kọ́ kà ni èyí tó ń sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà dé inú Gmail. Kí ló wà níbẹ̀?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ìlà mélòó kan wà tí wọ́n kọ IMAP sí, láti àdírẹ́sì tí n kò rí níbòmíràn nínú fáìlì náà. Chrome nìkan la sì ń lò.

Ìyá Kọ̀ǹpútà
Èyí gan-an ni kí ẹ dojú kọ. IMAP fi hàn pé áàpù kan, bí Outlook tàbí Thunderbird, ń fa lẹ́tà yín sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó lè jẹ́ fóònù ẹni tó wà nípò yìí ṣáájú yín, tí kò yọ ọ́ kúrò, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ẹ tọ́jú fáìlì náà, ẹ pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù, kí ẹ sì tan ìfìdímúlẹ̀ onípele méjì, tí yóò máa béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn pásíwọ́ọ̀dù. Pásíwọ́ọ̀dù tuntun yóò lé áàpù náà jáde, ṣùgbọ́n kò ní fọwọ́ kan àṣẹ tí ẹnìkan bá ti fi síbẹ̀ pé kí ẹ̀dà lẹ́tà máa lọ sí àdírẹ́sì mìíràn; ẹ wo abala Forwarding àti Filters nínú Settings kí ẹ tó sinmi.