Kí ló dé tí orúkọ Camberwell kúrò lára ẹkùn ìdìbò Peckham?

Abíọ́dún_Nunhead béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ń ka ìtàn àwọn tó ti ṣojú gúúsù Lọ́ńdọ̀nù nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Westminster, ọ̀rọ̀ Peckham sì ta kókó sí mi lọ́wọ́. Ẹkùn ìdìbò Peckham ni Harriet Harman wọlé fún ní ọdún 1982. Láti 1997 títí tó fi fẹ̀yìn tì ní 2024, Camberwell and Peckham ni wọ́n ń pe ẹkùn tó ń ṣojú. Nígbà tí Miatta Fahnbulleh wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2024, Peckham lásán ni orúkọ náà tún padà jẹ́.

Bí ó bá jẹ́ orúkọ nìkan ló ń yí padà, mi ò ní yọ yín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àwòrán ilẹ̀ fi hàn pé wọ́ọ̀dù Camberwell Green ti bọ́ sínú Vauxhall and Camberwell Green, tí èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Lambeth. Wọ́ọ̀dù Peckham Rye, tí ó ń jẹ́ orúkọ Peckham gan-an, ti lọ sínú Lewisham West and East Dulwich, nígbà tí North Walworth wọlé sí Peckham. Ṣé Peckham tòní yìí náà ni Peckham ọdún 1982? Ta ló ń fa ààlà wọ̀nyí, kí sì ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fà á? Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, nítorí inú Camberwell ni Peckham ti jáde, ó wá dà bí ẹni pé ọmọ ló lé ìyá kúrò nílé.

Baba_Àkọsílẹ̀ dáhùn pé:

Ẹ ṣeun, Abíọ́dún. Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń dìbò ní agbègbè yẹn máa bi ara rẹ̀ lẹ bi wá.

Ọdún 1832 ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òfin àtúnṣe ńlá ọdún náà fún àwọn ìlú tí kò ní aṣojú tẹ́lẹ̀ ní ààyè, ẹkùn Lambeth ni wọ́n dá sílẹ̀ ní apá ibẹ̀, aṣòfin méjì ni wọ́n sì fún un. Newington wà nínú rẹ̀, Camberwell náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú Peckham, nítorí abẹ́ páríìṣì St Giles kan náà, ìyẹn agbègbè abẹ́ ìjọ kan, ni Camberwell àti Peckham wà. Dulwich nìkan ni wọ́n yọ sẹ́yìn nínú páríìṣì yẹn. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2024: wọ́ọ̀dù tí wọ́n mú kúrò ní Southwark láti so mọ́ ilẹ̀ Lambeth nínú Vauxhall and Camberwell Green ni Newington àti Camberwell Green. Àwọn tó ń bínú pé wọ́n fa Camberwell lé àjèjì lọ́wọ́ ní ẹ̀tọ́ láti bínú, àmọ́ ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé Lambeth ni Camberwell ti kọ́kọ́ dìbò.

Òfin ọdún 1885 tó tún ìjókòó ilé aṣòfin pín ló tú Lambeth àtijọ́ ká. Ọ̀pọ̀ èrò ti kún gúúsù Lọ́ńdọ̀nù nígbà yẹn, Camberwell sì di ẹni tó dá dúró pẹ̀lú ẹkùn mẹ́ta, aṣòfin kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: Camberwell North, Peckham àti Dulwich. Ìgbà àkọ́kọ́ tí orúkọ Peckham jókòó ní ilé aṣòfin nìyẹn, ẹ̀ka Camberwell ló sì jẹ́ nínú ìwé òfin. Kò tíì di ilé ẹgbẹ́ òṣèlú Labour nígbà náà rárá. Nínú ìbò àfidípò ọdún 1908, Henry Gooch ti ẹgbẹ́ Conservative gba Peckham lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Liberal, nígbà tí Andrew Bonar Law, tó di olórí ìjọba ní 1922, ń ṣojú Dulwich láti 1906 sí 1910.

Ní 1918 àwọn ẹkùn inú Camberwell di mẹ́rin, wọ́n fi North West kún un. Lewis Silkin gba Peckham fún Labour nínú ìbò àfidípò ọdún 1936, nígbà tó sì di 1945, Labour ló ní gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn rẹ̀, mẹ́rin di méjì. Bọ́ǹbù ogun ti wó ilé, ọ̀pọ̀ ìdílé ti kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú, iye olùdìbò tó kù kò sì lè gbé ẹkùn mẹ́rin mọ́. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé Silkin yìí ni mínísítà ètò ìlú nígbà náà, òun ló gbé òfin àwọn ìlú tuntun ti 1946 kalẹ̀, òfin tó ṣí ọ̀nà fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù láti kó lọ sí ibi bíi Stevenage. Ìjókòó Peckham tuntun ti 1950 kò bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀: ilé aṣòfin àwọn ọlọ́lá (House of Lords) ló gbà lọ lọ́dún yẹn, Freda Corbet, tó ti ń ṣojú North West, ló wá ṣojú Peckham títí di 1974. Nítorí náà, Peckham tí Corbet gbà kì í ṣe Peckham tí Silkin fi sílẹ̀. Ó ti gbé apá kan nínú àwọn ẹkùn tí wọ́n pa rẹ́ mì.

Èyí tó kù kò gùn. Ní 1965 ìjọba ìbílẹ̀ Camberwell parapọ̀ mọ́ Bermondsey àti Southwark àtijọ́ láti di Southwark tí a mọ̀ lónìí, àwọn ẹkùn tí wọ́n fà ní 1974 sì tẹ̀ lé ìyẹn. Harry Lamborn ló wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1982. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún náà ni Harman wọlé, Dick Taverne ti ẹgbẹ́ SDP (Social Democratic Party) àti John Redwood ti Conservative sì wà lára àwọn tó bá a du ipò. Ní 1997, wọ́n fi orúkọ Camberwell ṣíwájú.

Ìyá_Walworth dáhùn pé:

Baba ti sọ̀rọ̀ tán lórí àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí n mú ti 2024, nítorí ó kan àdúgbò mi gan-an.

Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ààlà ẹkùn ìdìbò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń fa ààlà, kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Òfin ọdún 2020 fi ìjókòó sí 650 fún gbogbo Ìlú Ọba, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gba 543 nínú rẹ̀. Òfin náà ní kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan sún mọ́ 73,393 olùdìbò, kí ó má dín sí 69,724, kí ó má sì ju 77,062 lọ, ìyẹn ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sísàlẹ̀ tàbí sókè. Márùn-ún péré tó jẹ́ erékùṣù ni wọ́n yọ kúrò nínú òfin iye yìí. Láàárín iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù, 7,338 ni ìyàtọ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́ọ̀dù Lọ́ńdọ̀nù kan ṣoṣo lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùdìbò. Bí o bá gbé wọ́ọ̀dù kan kúrò ní Peckham, Peckham lè já sísàlẹ̀. Bí o bá fi kún Dulwich, Dulwich lè kún jù. O gbọ́dọ̀ wá wọ Lewisham tàbí Lambeth kí ìṣirò tó jọ. Ohun tó gbé Peckham Rye lọ sọ́dọ̀ Lewisham nìyẹn. Òfin gbà wọ́n láyè láti wo ìjọba ìbílẹ̀, ààlà àtijọ́ àti àjọṣe àdúgbò, ṣùgbọ́n iye olùdìbò ló ń borí gbogbo rẹ̀.

Èmi kò fara mọ́ ọn tán. Láti Camberwell Green dé ṣọ́ọ̀ṣì St Giles, ìrìn ẹsẹ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ojú ọ̀nà kan náà, àwọn bọ́ọ̀sì kan náà. Lónìí wọ́ọ̀dù St Giles ń dìbò nínú Peckham, Camberwell Green ń dìbò pẹ̀lú Vauxhall, Florence Eshalomi sì ni aṣòfin wọn. Bí ìṣòro ilé gbígbé tàbí ti ọkọ̀ bá kan gbogbo Camberwell, aṣòfin méjì ni ará àdúgbò kan yóò kọ̀wé sí. Ó yẹ kí wọ́n gba ìyàtọ̀ tó fẹ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ fún ìlú ńlá tí àdúgbò ti so pọ̀ mọ́ra báyìí.

Abíọ́dún_Nunhead:

Ẹ ṣeun gan-an, Baba, ẹ ṣeun, Ìyá wa. Ọ̀rọ̀ ti yé mi. Ó ku ẹyọ kan: àwọn olùdìbò wo ni wọ́n kà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé Peckham tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kọ́lá_amòfin dáhùn pé:

Ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí a tẹnu mọ́. Kì í ṣe iye ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n kà, iye orúkọ tó wà nínú ìwé olùdìbò ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 2020 ni. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kò sí nínú ìṣirò, ì báà ti gbé òpópónà Rye Lane ní Peckham fún ogún ọdún. Adúgbò tí àwọn ayálégbé ti ń kó wọlé kó jáde, tí ọ̀dọ́ pọ̀ níbẹ̀, ni ó sábà máa ń pàdánù jù, nítorí ẹkùn rẹ̀ yóò ní láti gba ilẹ̀ púpọ̀ sí i kí ó tó pé iye.

Ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ń gbé Ìlú Ọba, tó sì ní ìwé ìgbélùú tàbí tí kò nílò rẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò yan aṣòfin. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Mo mọ ọ̀pọ̀ ènìyàn wa tó rò pé àfi kí àwọn kọ́kọ́ gba ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń dùn mí.

Lẹ́yìn òfin 2020, ọdún mẹ́jọ mẹ́jọ ni àtúnyẹ̀wò, ilé aṣòfin kò sì tún ń dìbò láti gba ààlà tuntun tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Ìjíròrò pẹ̀lú ará ìlú nìkan ni ààyè tó kù fún wa. Nínú àtúnyẹ̀wò tó parí ní 2023, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìgbìmọ̀ náà gba èrò ará ìlú láàárín 2021 àti 2022, lórí ààlà àti lórí orúkọ ẹkùn pẹ̀lú. Èyí tó kàn gbọ́dọ̀ parí kí oṣù kẹwàá ọdún 2031 tó wọlé, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kí Camberwell wà lójú kan náà gbọ́dọ̀ kọ̀wé nígbà tí wọ́n bá ṣí ìlẹ̀kùn, kí ó sọ wọ́ọ̀dù tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀, kí iye olùdìbò náà sì jọ.