Màmá ń bọ̀ wá wẹ ìkókó: kí la kì í sọ fún wọn?

Ìyàwó Dartford: Ẹ kú àsìkò yìí, ẹ̀yin ará ilé. Ó ku oṣù mẹ́rin kí n sọ̀ kalẹ̀, lágbára Ọlọ́run. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni òfin UK níbí fún ọkọ mi láti jókòó ti ìyá ọmọ, lẹ́yìn náà ó di iṣẹ́ alẹ́ padà. Màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ti ní àwọn ń bọ̀ wá wẹ ọmọ, wọ́n tilẹ̀ ti ní kí wọ́n máa bá àwọn yan gàrí sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ físà, kí lojú yín rí tẹ́ ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?

Bọ̀dá Leeds: Ẹ jẹ́ kí n yára gbé ti físà kúrò nílẹ̀. Físà àlejò ni, oṣù mẹ́fà ló sì mọ lẹ́ẹ̀kan, ì báà jẹ́ ti ọdún méjì tàbí ti ọdún mẹ́wàá lẹ gbà. Tí ìyá àgbà bá wá kí yín, wọ́n lè bá yín gbé ọmọ, òfin ò kọ ìyẹn. Ohun tó kọ̀ ni kí ẹ sọ wọ́n di agbọ́mọ tí ẹ ó máa gbé ọmọ fún lójoojúmọ́ kí ẹ lè ríbi lọ síṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé ohun tó wà lọ́kàn yín nìyẹn, ètò ni kí ẹ tún tò, kì í ṣe lẹ́tà ìkésíni. Ìwé owó ìfẹ̀yìntì wọn, ìwé ilé, ohunkóhun tó fi hàn pé wọ́n ní ibi tí wọ́n ń padà sí, ẹ kó o mọ́ ọn. Wọn ò gbọ́dọ̀ di pọ̀nmọ́ àti ẹran gbígbẹ mọ́ ẹrù o, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ wọn ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹja gbígbẹ ni kí wọ́n gbé.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Manchester: Ẹ ra ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò, kí ẹ sì sọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru wọn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fi pamọ́ kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣe màmá, oníìnṣọ́ránsì á ní kò kan àwọn. Ní England níbí, wọn kì í gba owó lọ́wọ́ àlejò ní yàrá pàjáwìrì, àmọ́ tí wọ́n bá ti lè dá wọn dúró sórí bẹ́ẹ̀dì, owó ti ń kà nìyẹn, 150% iye tí ìtọ́jú náà jẹ́ fún NHS, ètò ìlera ìjọba ibí. Gbèsè £500 tí ẹ ò bá san lè mú kí wọ́n má fún wọn ní físà nígbà míì. Oògùn tí wọ́n máa lò títí wọ́n á fi padà ni kí wọ́n gbé wá, nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà.

Èyí tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé gan-an ni omi. Tí ọmọ bá ti tó nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, nọ́ọ̀sì kan á wá wò ó nílé. Mo wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì yìí wọlé bá màmá pẹ̀lú ṣíbí omi lọ́wọ́. Hítà ń jó kíkankíkan, bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì wà lórí ibùsùn ọmọ, igo àgbo wà lórí tábìlì. Nọ́ọ̀sì ò pariwo, ó kàn ń kọ̀wé. Màmá ní, "Ọmọ méje ni mo fi omi tọ́, ta ló kú níbẹ̀?" Ọ̀rẹ́ mi sọ fún nọ́ọ̀sì pé màmá ní ẹ kú iṣẹ́.

Ohun tí wọ́n ń sọ níbí ni pé ọmú tàbí mílíìkì ọmọ nìkan títí di nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Tó bá jẹ́ ọmú nìkan ló ń mu, kò sí omi rárá. Ẹ̀yìn ni kí ọmọ fi sùn, kí ìgbóná yàrá sì wà láàárín ìwọ̀n 16 sí 20°C. Ilé ìwòsàn ìjọba nílé náà ń sọ ti ọmú yìí, àwọn màmá wa ni kò gbà. Ẹ sọ ọ́ fún wọn lórí fóònù báyìí, kí wọ́n ti Nàìjíríà bínú tán. Ìwẹ̀ àti ìfọwọ́ra, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Àmọ́ jíju ọmọ sókè yẹn, ẹ bẹ̀ wọ́n.

Àna Màmá, Woolwich: Ẹ rántí ọkùnrin náà o! Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo máa ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé. Ìyá ìyàwó mi á ti jí láti aago márùn-ún, wọ́n á ti kọrin, wọ́n á ti gbàdúrà, iyán ló kù tí wọ́n ń gún. Aládùúgbò ìsàlẹ̀ á máa kan àjà. Èmi ò lè sọ̀rọ̀, ìyàwó mi náà ò lè sọ̀rọ̀. Inú mọ́tò ni mo wá ń sùn.

Ìyá Ìbejì, Thamesmead: Ti ọmọ àti ti ọkọ lẹ ń sọ látàárọ̀. Màmá fúnra wọn ńkọ́? Ìyá mi ní ìsọ̀ aṣọ l'Ákùúrẹ́, kò sí Sátidé tí wọn kì í lọ òde. Inú oṣù Kejìlá la ní kí wọ́n wá, aago mẹ́rin ilẹ̀ ti ṣú. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé táwọn bá jáde, àwọn lè má mọ̀nà wálé. Wọ́n á jókòó síwájú fèrèsé, wọ́n á ní, "Ṣé wọn kì í kíra wọn níbí ni?" Èmi rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n ni. Wọn ò sọ nǹkan kan fún mi. Àbúrò mi nílé ni wọ́n sọ fún pé ẹ̀wọ̀n ni ẹ̀gbọ́n rẹ fi mí sí yìí.

Ẹ fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ tiwọn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣí i lójú yín. Ẹ fún wọn ní fóònù tó ní dátà, káàdì Oyster tí wọ́n fi ń wọ bọ́ọ̀sì ní London náà, kí ẹ sì jọ wọ bọ́ọ̀sì kan náà léraléra. Bọ́ọ̀sì 177 ló gba ìyá mi là: ó ń gbé wọn láti ọ̀dọ̀ wa dé Peckham, ní Rye Lane wọ́n sì rí ẹni bá wọn ná ata rodo, wọ́n jà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Tí ẹ bá lè yí i, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ibí ni kí ẹ pè wọ́n.

Ìyàwó Dartford: Owó tí wọ́n máa pàdánù nílé ńkọ́? Ojú ń tì mí láti béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ìyá Ìbejì, Thamesmead: Ẹ béèrè kí wọ́n tó kúrò nílé. Èló ni ìsọ̀ ń mú wọlé lóṣù? Àjọ mélòó ni wọ́n ń dá? Owó iléèwé ọmọ ta ni wọ́n ń san? Ẹ máa fi í sí àpò báńkì wọn nílé lóṣooṣù, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ń lọ kí ẹ wá di bùláńkẹ́ẹ̀tì àti bàtà fún wọn. Àwọn àbúrò yín á ní màmá wà nílùú òyìnbó, kí ni wọ́n fẹ́ fowó ṣe. Ẹ má dá wọn lóhùn. Kò kan alájọ pé wọ́n lọ London.

Ìyàwó Dartford: Ẹ ṣé gan-an. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọ́n báyìí. Ti owó, wọ́n gbàdúrà fún mi. Ti omi, wọ́n já fóònù mọ́ mi létí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Manchester: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ tún pè wọ́n lọ́la.