Mágòmágó kọ́ lorúkọ rẹ̀: lórí ìbò tí wọ́n fi ń to ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù yunifásítì Amẹ́ríkà sípò

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka lẹ́tà ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣe ìwé àlàyé lórí bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà (èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré tí wọ́n sì ń jù, kì í ṣe ti àfẹsẹ̀gbá) fún àwọn òbí Yorùbá tí ọmọ wọn ń gbá a lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì ti yẹ kó jáde tipẹ́, torí àwọn ọmọ wa ti rinlẹ̀ nínú eré náà. Olusegun Oluwatimi ló gba àmì ẹ̀yẹ Outland àti ti Rimington, tí wọ́n ń fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ìlà iwájú tó ta yọ, lọ́dún 2022 nígbà tó wà ní yunifásítì Michigan. Ẹ̀gbọ́n ní òun fẹ́ lo “mágòmágó ìbò” fún ohun tó ń mú kí àwọn tó ń dìbò gbé ẹgbẹ́ kan ga ju òmíràn lọ. Àbúrò kan fèsì pé “ẹ̀tanú” ló bá a mu. Mi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń dì í ná. Láti ọdún 1936 ni iléeṣẹ́ ìròyìn Associated Press ti ń gba ìbò lọ́wọ́ àwọn akọ̀ròyìn eré ìdárayá. Lóde òní, akọ̀ròyìn kọ̀ọ̀kan á to ẹgbẹ́ 25 tẹ̀ léra lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹ́ tó fi sípò kìíní gba máàkì 25, ìkejì gba 24, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀ títí dé èyí tó kẹ́yìn, tó gba ẹyọ kan. Wọ́n á wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ẹnìkan bá fi ẹgbẹ́ kan sípò karùn-ún, máàkì 21 nìyẹn. Bí ẹlòmíràn bá fi ẹgbẹ́ yẹn kan náà sípò kẹẹ̀ẹ́dógún, máàkì 11 ni. Eré kan náà làwọn méjèèjì wò, kò sì sí ẹni tó tàpá sófin nínú wọn.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ ká pe ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde ní “àtẹ”. Òǹkàwé wa tó bá rí “àtẹ”, àtẹ Premier League ló máa wá sí i lọ́kàn, níbi tí ẹni tó borí ti ń gba máàkì mẹ́ta, tí ẹni tó ta ọ̀mì ń gba ọ̀kan. Orí pápá ni wọ́n ti ń rí ìyẹn he. Èyí tí à ń sọ yìí, inú orí ènìyàn ló ti ń wá. “Ìtòsípò àfìbòṣe” ni mo dábàá. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ ẹni tó gbọ́ “àfẹsẹ̀gbá” máa gbọ́ “àfìbòṣe” láìsí ẹni tó ń ṣàlàyé fún un.

Ó wá ku mágòmágó. Ẹni tó ń ṣe mágòmágó mọ̀ pé òun ń ṣe é, ó sì ń fi í pa mọ́. Àwa tí a ti rí ìbò tí wọ́n ń kà lẹ́ẹ̀mejì ní Nàìjíríà, a mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí UCF, yunifásítì kan ní Florida, lọ́dún 2017. Wọ́n gbá gbogbo eré wọn, mẹ́tàlá, wọn ò fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2018, wọ́n na Auburn ní 34 sí 27. Auburn yìí kan náà ló ti na Alabama àti Georgia nínú sáà yẹn, Alabama àti Georgia yìí náà ló sì pàdé nínú àṣekágbá. Ṣùgbọ́n lóṣù Kejìlá 2017, kí wọ́n tó bá Auburn gbá, nígbà tí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́tàlá tó ń yan àwọn tó máa díje fún ife ẹ̀yẹ to àwọn ẹgbẹ́ sípò fún ìgbà ìkẹyìn, ipò kejìlá ni wọ́n ti fi UCF sí. Ta ló ṣe mágòmágó níbẹ̀? Kò sẹ́ni tó ká ẹnikẹ́ni mọ́ ibi tó ti ń yí nǹkan. Ohun tó wà ńbẹ̀ ni pé nígbà tí sáà máa bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, UCF ò sí nínú ẹgbẹ́ 25 táwọn akọ̀ròyìn tò. Líìgì tí wọ́n wà kò lókìkí. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ nípò kẹta, bó bá ń borí, ibẹ̀ ló máa dúró sí. Ẹni tí wọn ò dárúkọ rẹ̀ rárá ní láti fò kọjá ọ̀pọ̀ orí kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n sì ti to ipò yẹn kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo.

Ẹ̀tanú ńkọ́? Bí mo ṣe gbọ́ ẹ̀tanú, ó gbọ́dọ̀ ní ìkórìíra tàbí ìfojú-tẹ́mbẹ́lú nínú: ẹ̀tanú ẹ̀yà, ẹ̀tanú ẹ̀sìn. Kò sẹ́ni tó kórìíra UCF, wọn ò wò wọ́n ni. Àbúrò mú 1966 wá láti fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Lọ́dún náà, Notre Dame àti Michigan State ta ọ̀mì 10 sí 10, síbẹ̀ àwọn ló wà nípò kìíní àti ìkejì. Alabama tí ẹnikẹ́ni ò nà wà nípò kẹta, bẹ́ẹ̀ Alabama yìí ni wọ́n dìbò fún sípò kìíní lọ́dún 1964 àti 1965. Àwọn kan gbà pé ìyà tí wọ́n fi ń jẹ aláwọ̀ dúdú ní Alabama ló ká àwọn olùdìbò lára, torí funfun báláú ni ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, èmi ò lè pè é ní ẹ̀tanú láéláé. Ẹgbẹ́ tí kò gba ọmọ aláwọ̀ dúdú láyè ló wà nídìí ẹ̀tanú. A ò gbọ́dọ̀ fún ẹni tó ṣe nǹkan àti ẹni tó bínú sí i lórúkọ kan náà nínú ìwé táwọn òbí wa máa kà.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ni “ìtẹ̀sí”. Ẹ rántí kọ́ńgò tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì lọ́jà. Ìyá kan wà tó mọ̀ọ́mọ̀ lu ìdí kọ́ńgò rẹ̀ wọnú. Ìyá mìíràn wà tó jẹ́ pé ìlò ọdún pípẹ́ ló tẹ tirẹ̀, kò tiẹ̀ fura. Ìrẹsì tó dín lọ́wọ́ oníbàárà ò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ti ìyá àkọ́kọ́ nìkan ni mágòmágó. Ohun tó tẹ̀ láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni mo ń pè ní ìtẹ̀sí, òun sì lèyí tó pọ̀ jù nínú ìbò yìí: orúkọ ńlá, eré tó bọ́ sí àkókò tí gbogbo ayé ń wò, ipò tí wọ́n ti fún ẹgbẹ́ nínú oṣù Kẹjọ.

Àmọ́ ibì kan wà tí ìtẹ̀sí ò tó, tí a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá náà ní ìbò tiwọn láti ọdún 1950. Ẹ gbọ́ o: ẹni tó ń kọ́ ẹgbẹ́ ló ń dìbò lórí ẹgbẹ́ ara rẹ̀ àti lórí àwọn tó ń bá a du ipò! “Ègbè” nìyẹn. Lọ́dún 2004, yunifásítì California wà nípò kẹrin, ti Texas wà lẹ́yìn rẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Texas, Mack Brown, bọ́ síta, ó ń bẹ àwọn olùdìbò ní gbangba. California borí eré rẹ̀ tó kẹ́yìn, síbẹ̀ nígbà tí ìbò dé, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá kan ti fà á wálẹ̀ sípò keje àti ìkẹjọ. Texas kọjá, Texas ló lọ sí Rose Bowl, eré ńlá ìparí sáà tí àwọn méjèèjì ń du. Ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ń dì í nígbà yẹn. Ọdún 2005 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìbò ìkẹyìn oníkálukú jáde. Associated Press náà bínú, wọ́n ní kí wọ́n má lo ìbò àwọn mọ́ láti fi yan ẹni tó máa du ife ẹ̀yẹ. Ẹni tó bá ní ègbè tún túmọ̀ sí ègbè orin, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá tó gbọ́ “má ṣègbè” tó rò pé wọ́n ní kóun má kọrin.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ lórí “ìdọ́gba” tí ẹ̀gbọ́n lò fún ohun táwọn ẹgbẹ́ ń béèrè. Kò sí ẹgbẹ́ tó ń béèrè ìdọ́gba. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n tò wọ́n, kí ẹnìkan ṣáájú. “Ẹ̀tọ́” ni wọ́n ń béèrè. Lóṣù Kejìlá 2023, yunifásítì Florida State ti borí eré 13 nínú 13. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni ìgbìmọ̀ máa mú láti du ife ẹ̀yẹ nígbà yẹn. Jordan Travis, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, ti fara pa, ìgbìmọ̀ sì ní ẹgbẹ́ náà kì í ṣe bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n mú Alabama tó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan. Ìlànà ìgbìmọ̀ gbà wọ́n láyè láti wo ẹni tó fara pa, ọmọ ìgbìmọ̀ tó bá sì ní àjọṣe pẹ̀lú yunifásítì kan gbọ́dọ̀ jáde nínú yàrá bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Nítorí náà mi ò lè sọ pé wọ́n ṣègbè. Ìrẹ́jẹ ni mo máa pè é síbẹ̀, torí eré tí ẹgbẹ́ ti gbá tó sì ti borí, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kò yẹ kí wọ́n fi eré tí kò tíì gbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan á fi 63 sí 3 tí Georgia fi nà wọ́n lẹ́yìn náà dá mi lóhùn. Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù wọn ni kò jáde lọ́jọ́ yẹn, ìdájọ́ sì ti wáyé kí wọ́n tó gbá a.

Bí ẹ̀gbọ́n bá gbà, ẹ lo “ìtẹ̀sí olùdìbò” fún gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, “ègbè” níbi tí ẹni tó ń dìbò ti ní èrè níbẹ̀, “ìrẹ́jẹ” fún ohun tó dé bá ẹgbẹ́. Jíjáde tí ọmọ ìgbìmọ̀ ń jáde nínú yàrá yẹn ni mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ fún. “Ìyàgò” ló wá sí mi lẹ́nu, àmọ́ ìyàgò jọ pé ọ̀nà la ń yà fún ẹni tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ní kóòtù, báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́ nígbà tí adájọ́ bá fi ẹjọ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ sílẹ̀ fún adájọ́ mìíràn?