Ṣé Yorùbá ló fa àṣìṣe yẹn lóòótọ́? Ẹ̀yin tó ń ṣe ìwádìí lórí Gẹ̀ẹ́sì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ wá sọ ohun tí ẹ mọ̀

Aṣèwádìí èdè, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kọ pírọ́jẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Àkòrí kan wà tó ń padà wá lọ́dọọdún: bí èdè Yorùbá ṣe ń kóbá Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Àkòrí náà dára. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á ti dá Yorùbá lẹ́bi kó tó ka àròkọ kan ṣoṣo. Á rí "he" níbi tó yẹ kí "she" wà, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé èdè abínibí ló fà á, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ jẹ́ kí kálukú sọ ohun tó mọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí nǹkan dì mú.

Màá bẹ̀rẹ̀ láti orí "he" àti "she" yẹn. Lóòótọ́, "ó" kan náà la ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí. Lọ́dún 2000, onímọ̀ èdè kan, Scott Jarvis, là á sílẹ̀ pé ẹ̀rí mẹ́ta ló yẹ kéèyàn wá kó tó sọ pé èdè àkọ́kọ́ ló fa nǹkan. Ìkíní, kí àwọn tó ń sọ èdè kan náà máa ṣe é bákan náà. Ìkejì, kí àwọn tó ń sọ èdè mìíràn, tí kíláàsì àti ọjọ́ orí wọn bá tiwọn mu, má máa ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìkẹta, kí ohun tí ọmọ ń ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì bá ohun tó ń ṣe nínú èdè tirẹ̀ mu. Ẹ̀rí kẹta nìkan ni ọ̀pọ̀ pírọ́jẹ́ẹ̀tì máa ń ní, inú ìwé gírámà ni wọ́n sì ti ń mú un, kì í ṣe ẹnu ọmọ náà.

Àwa tá a wà ní Nàìjíríà kò ní láti lọ jìnnà ká tó rí ẹ̀rí kejì. Haúsá ní "ya" fún ọkùnrin àti "ta" fún obìnrin. Ígbò dà bíi tiwa, kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ mú ọmọ SS1 30 tó ń sọ Yorùbá nílé, 30 tó ń sọ Ígbò, 30 tó ń sọ Haúsá, kí irú ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń lọ jọra, kí gbogbo wọn kọ àròkọ kan náà. Bó bá jẹ́ èdè ló fà á, Yorùbá àti Ígbò yóò súnmọ́ ara wọn, àṣìṣe àwọn ọmọ Haúsá yóò sì kéré gan-an. Bí àwọn ọmọ Haúsá náà bá ń ṣe é tó tiwa, ẹ lọ wá ìdí mìíràn: eré àsápajúdé tí wọ́n fi ń kọ̀wé, tàbí bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ní kíláàsì.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ibi àròkọ yẹn gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, ẹ jẹ́ n dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Inú kíláàsì ni kí wọ́n ti kọ ọ́, 40 ìṣẹ́jú, kí fóònù má sí nítòsí. Iṣẹ́ tí ọmọ bá gbé lọ sílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí fóònù ni yóò bá a kọ ọ́, dátà yẹn ti di ti ẹlòmíràn. Àkòrí ńkọ́? "My School" kò wúlò fún ohun tí ẹ ń wá. "Is" àti "has" ni ọmọ yóò máa kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ò ní rí ọ̀rọ̀-ìṣe tó tọ́ka sí ohun tó ti kọjá, ẹ ò sì ní rí "he" àti "she" tó pọ̀. Ẹ ní kí wọ́n sọ ohun tí ìyá wọn, bàbá wọn àti àbúrò wọn kan ṣe lọ́jọ́ ọdún tó kọjá. Ìdí tí àbúrò fi wà níbẹ̀ rèé: ọmọ Yorùbá kò ní pe ìyá rẹ̀ ní "ó", "wọ́n" ni yóò pè é. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó lè kọ "they" fún ìyá rẹ̀ nìkan. Ẹni tó ń ṣàkójọ àṣìṣe láìfarabalẹ̀ yóò kó ìyẹn pọ̀ mọ́ àṣìṣe ẹyọ àti ọ̀pọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀wọ̀ ni. Ẹ yà á sọ́tọ̀ gedegbe. Bí "they" bá ń yọ fún ìyá, tí kò yọ fún àbúrò, ẹ ti rí ẹ̀rí tó lágbára ju "he" àti "she" lọ.

Lórí kíkà, ẹ má ṣe ka iye àṣìṣe lásán. Ọmọ tó ṣe àṣìṣe 12 nínú ọ̀rọ̀ 150 ní 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó ṣe 15 nínú ọ̀rọ̀ 300 ní 5 péré, bẹ́ẹ̀ òun ló dà bíi pé ó burú jù. Èyí tó tún dáa ju ìyẹn lọ ni kí ẹ ka iye ibi tó ti yẹ kí "she" wà, kí ẹ wá wo mélòó ló bọ́ sí "he" nínú wọn. 6 nínú 20 jẹ́ 30%. Nọ́ńbà yẹn ṣeé fi wé ti ọmọ mìíràn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ohun tí ọmọ kò kọ rárá. Lọ́dún 1974, onímọ̀ èdè kan, Jacquelyn Schachter, fi hàn pé àwọn ará Ṣáínà àti Jàpáànù tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe àṣìṣe nínú àwọn gbólóhùn tó ní "who" àti "which", àmọ́ torí pé wọ́n ń yẹra fún irú gbólóhùn náà ni. Àṣìṣe tó kéré kò túmọ̀ sí pé ọmọ mọ̀ ọ́n. Ẹ ka iye ìgbà tó lò ó pẹ̀lú.

Ti ìyọ̀ǹda: ọmọ tí kò tíì pé 18, òbí rẹ̀ ló máa buwọ́ lùwé. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, ojú ewé kan ṣoṣo, kí ẹnì kan sì wà nílẹ̀ tí yóò kà á sétí ẹni tí kò lè kàwé. Ẹ pa orúkọ ọmọ rẹ́, ẹ fi àmì bíi Y-SS1-07 rọ́pò rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè, Kétu

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ má gbàgbé wa ní Bẹ̀nẹ̀ o. Níbí, ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, Yorùbá là ń sọ, Faransé la fi ń kàwé. Faransé náà ní "il" àti "elle". Bí ọmọ Kétu bá ń ṣi "il" àti "elle" lò bí ọmọ Ìbàdàn ṣe ń ṣi "he" àti "she" lò, ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà nìyẹn. Èdè kan náà, ilé-ẹ̀kọ́ méjì tó yàtọ̀ pátápátá. Ìfiwéra tó wúlò gan-an ni, owó ọkọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀.

Onímọ̀ ìró èdè, Ifẹ̀

Ti ìró ni n ó sọ, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi etí lásán dájọ́ jù.

Àkọ́kọ́, "Yorùbá" kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́ lè máa pe "ṣ" bí "s", ọ̀pọ̀ ará ibòmíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá pe "ship" bíi "sip", ẹ béèrè ìlú tí wọ́n ti tọ́ ọ kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Bákan náà, ẹ má bi í pé kí ni èdè abínibí rẹ. Ọmọ Èkó tó ń jẹ́ Adéwálé lè jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ béèrè pé: èdè wo lo fi ń bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀? Èwo lo fi ń bá ọ̀rẹ́ rẹ ṣeré?

Ìkejì, ẹ má lo búrẹ́dì, tábìlì àti sùkúù bí ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wọ́n báyìí. Lóòótọ́ wọ́n fi hàn pé èdè wa kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù, kì í sì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀lé ara wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ SS2 tó ń ra búrẹ́dì lọ́nà lè pe "bread" dáadáa ní kíláàsì. Ohùn tirẹ̀ ni kí ẹ gbà sílẹ̀.

Bí ẹ ó bá gbà á, WAV, irú fáìlì tí kì í fún ohùn pọ̀, ni kí ẹ lò, 44,100 Hz, 16-bit, mono. Ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò dára fún wíwọn fáwẹ́lì, ẹ̀rọ ti fún un pọ̀. Gbé máíkì sí bíi 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà sí ẹnu, lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe ọ̀gangan, kí èémí má baà máa lù ú nígbà tí wọ́n bá pe "p" àti "b". Ẹ pa fáànù. Ẹ má gba ohùn nígbà òjò lábẹ́ páànù, ẹ sì jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Ariwo rẹ̀ máa ń bọ́ sí ìsàlẹ̀ níbi tí ohùn èèyàn wà gan-an.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ sínú gbólóhùn kan náà, "Say ___ again". Ẹ lo ship/sheep, bit/beat, full/fool, ẹ da ọ̀rọ̀ mìíràn pọ̀ mọ́ wọn kí ọmọ má mọ ohun tí ẹ ń wá, ẹ pa ètò wọn dà, kí ó ka ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ má fi "seat" wé "seed" láti wọn gígùn fáwẹ́lì, torí pé fáwẹ́lì Gẹ̀ẹ́sì máa ń gùn sí i níwájú "d" ju "t" lọ. Kọ́ńsónáǹtì tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Praat, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wọn ìró, tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Amsterdam, ọ̀fẹ́ ni. Ní ibi formant, ìyẹn àwọn ìró inú fáwẹ́lì tó ń fi fáwẹ́lì kan hàn yàtọ̀ sí òmíràn (F1, F2 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ), ẹ fi òkè rẹ̀ sí 5000 Hz fún ọkùnrin tó ti dàgbà, 5500 Hz fún obìnrin. Ọmọdé ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè tó 8000 Hz fún ọmọ kékeré. Ẹni tó bá fi ti obìnrin sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn yóò rí F2 tó ń fò kiri, yóò sì rò pé ọmọ ló ń pe ọ̀rọ̀ báṣubàṣu. Àárín fáwẹ́lì ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Kí ẹ tó fi ọmọkùnrin wé ọmọbìnrin, ẹ kọ́kọ́ mú nọ́ńbà wọn bá ara mu; ọ̀nà Lobanov, tó ń fi nọ́ńbà ẹni kọ̀ọ̀kan wé ìpíndọ́gba tirẹ̀, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò.

Ohun tó yẹ kí ẹ wò dáadáa: ọmọ lè ya "ship" àti "sheep" sọ́tọ̀ nípa gígùn nìkan, kí ìró méjèèjì jẹ́ "i" tiwa. Etí olùkọ́ á ní wọn ò yàtọ̀. Ìwọ̀n á ní wọ́n yàtọ̀. Ìyẹn ni ìdí tó fi yẹ kí ẹ wọn gígùn àti ìró fáwẹ́lì pọ̀.

Olùtọ́jú àkójọ ọ̀rọ̀, Ìlọrin

Kúkúrú ni tèmi. Bí ẹ bá fẹ́ lo ètò kọ̀ǹpútà AntConc láti wá ọ̀rọ̀ nínú àròkọ, ẹ fi fáìlì pamọ́ sí .txt, UTF-8 (ọ̀nà ìfipamọ́ tó gba lẹ́tà Yorùbá), bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ á sọ ẹ, ọ, ṣ di àmì ìbéèrè. Àwọn tó ń gba Yorùbá àwọn ọmọ náà, ẹ gbọ́: "ọ́" kò ní àmì ẹyọ kan nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ẹnì kan lè tẹ "ọ" kó fi ohùn òkè lé e, ẹlòmíràn á tẹ "ó" kó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Lójú, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, méjì ni. Ẹ lè wá "ẹ̀kọ́" kí ẹ rí ìdajì péré. Ẹ sọ gbogbo fáìlì di NFC, ìyẹn ọ̀nà ìkọ tó ń sọ irú méjèèjì di ọ̀kan, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Alámòójútó pírọ́jẹ́ẹ̀tì, Èkó

Ìbéèrè tí mo máa ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rèé: àṣìṣe lójú ta ni? "Next tomorrow", ìyẹn ọ̀túnla wa, ti wọ ìwé atúmọ̀ èdè Oxford láti oṣù kìíní 2020, òun pẹ̀lú "danfo" àti "mama put". Bí ọmọ bá kọ "I am coming" nígbà tó ń jáde lọ, tó sì ní òun ń padà bọ̀, Yorùbá ló ti wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ni, olùkọ́ rẹ̀ náà ń sọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ sí orí kìíní irú Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ fi ń wọn ọmọ. Ẹ sì rántí ìyàtọ̀ tí onímọ̀ èdè S. Pit Corder ṣe lọ́dún 1967: èyí tí ọmọ ṣèèṣì ṣe, tó lè tún ṣe fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tí kò tíì mọ̀. Ẹ dá ìwé padà fún un, kó fi bírò àwọ̀ mìíràn tún un ṣe fún ìṣẹ́jú 10. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni kí ẹ kà.

Èèyàn méjì ni kó tò wọ́n sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, láìrí iṣẹ́ ara wọn. Bí wọ́n bá gbà pọ̀ lórí 85 nínú 100, tí ìṣekòńgẹ́ lásán sì lè mú wọn gbà pọ̀ lórí 50, kappa wọn (ìwọ̀n ìfohùnṣọ̀kan tó ti yọ ti ìṣekòńgẹ́ kúrò) ni (0.85 − 0.50) ÷ (1 − 0.50), tó jẹ́ 0.70. 85% ń dùn ún gbọ́, 0.70 ló jẹ́ òótọ́.

Mo tún fẹ́ kí gbogbo wa wo iṣẹ́ tí Ọjọ́gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ará Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1970, tí àjọ Ford Foundation náwó sí. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn mìíràn bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta. Àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà yẹn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ ká máa fi yangàn. Síbẹ̀, àwọn ọmọ náà ní ìwé tuntun àti olùkọ́ tó gbó nínú Gẹ̀ẹ́sì, torí náà àwọn alárìíwísí béèrè pé èwo gan-an ló ṣiṣẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Yorùbá, ìwé tuntun, tàbí olùkọ́. Tí ẹ bá fún ọ̀wọ́ kan ní ìwé tuntun, ẹ fún ọ̀wọ́ kejì náà.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Abẹ́òkúta

Òótọ́ ni, ọ̀gá. Mo kàn fẹ́ fi ti àkókò kún un fún àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àròkọ 250 ọ̀rọ̀ tí ọmọ fọwọ́ kọ máa ń gbà tó 20 ìṣẹ́jú kí èèyàn tó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, tàṣìṣetàṣìṣe. Fún ọmọ 90, wákàtí 30 nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ pa àtúnṣe aládàáṣe inú Word kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Òun ló ń sọ "recieve" ọmọ di "receive" láìsọ fún yín.