Motorhome yíká etíkun àríwá Scotland: ẹ gbà wá nímọ̀ràn kí a tó sanwó

Bàbá Tólú, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́

Ẹ kú déédé ìwòyí o, ẹ̀yin ará ilé. Àbíkẹ́yìn wa tó wà ní Aberdeen ní kí èmi àti màmá rẹ̀ wá kí òun lọ́dún tó ń bọ̀, físà àlejò olóṣù mẹ́fà sì ti wà lọ́wọ́ wa. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì ló ti wà lọ́kàn mi pé kí a yá motorhome, ọkọ̀ tó ní ibùsùn, ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, kí a fi yí etíkun àríwá Scotland ká, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní North Coast 500. Mo kà á pé máìlì 516 ni, pé ààfin Inverness ló ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì parí sí.

Ọmọ ní ọjọ́ márùn-ún péré ni ibi iṣẹ́ òun lè yọ̀ǹda. Mo ṣírò rẹ̀: máìlì 100 àti díẹ̀ lójúmọ́, kò tilẹ̀ tó Àkúrẹ́ sí Ìbàdàn. Ṣé ọjọ́ márùn-ún yẹn tó? Ṣé wọ́n á gba láísẹ́ńsì Nàìjíríà lọ́wọ́ mi? Níbo lèèyàn ń gbé ọkọ̀ sí sùn? Oṣù wo ló dára? Ìyàwó mi kì í lè jẹ oúnjẹ òyìnbó títí, orúnkún sì ń dùn ún. Ẹni tó bá ti wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí gan-an.

Ìyá Ìbejì, Oǹdó

Bàbá Tólú, ẹ kú ìmúra o. Ó dára tí ẹ béèrè kí owó tó jáde lápò. Èmi àti àwọn ìbejì mi ti fi motorhome rin ọ̀nà yẹn, ọwọ́ mi ni sitiárín sì wà jù. Jọ́gíráfì ni mo fi kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìntì, torí náà ẹ jẹ́ kí n ti orí máàpù bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ márùn-ún kò tó. Ẹ má fi Àkúrẹ́ sí Ìbàdàn wọn ọ̀nà yẹn rárá. Lápá ìwọ̀-oòrùn, ibi púpọ̀ ni títì kò ti gbà ju ọkọ̀ kan ṣoṣo lọ, òun náà sì ni àlọ àti àbọ̀ ń gbà. Ẹ gun òkè, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ yà sósì, àgùntàn á tún dùbúlẹ̀ sáàárín títì tí kò ní fẹ́ dìde. Tí ẹ bá rin máìlì 30 ní wákàtí kan, ẹ ti ṣe gudugudu méje. Yìnyín ńláńlá ayé àtijọ́ ló gbẹ́ ilẹ̀ náà, tí òkun fi rí àyè wọ inú àwọn àfonífojì lọ, títì sì gbọ́dọ̀ yí apá omi kọ̀ọ̀kan po. Ní Loch Eriboll, ibi tí ẹ ń lọ wà ní ọ̀kánkán yín lódìkejì omi, ẹ ń rí i kedere, síbẹ̀ ẹ ó wakọ̀ dé ìdí omi náà kí ẹ tó padà bọ̀ síbẹ̀. Ní Kylesku, títí di 1984 tí wọ́n ṣí afárá, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé mọ́tò sọdá.

Àpáta ibẹ̀ nìkan tó ohun tí èèyàn lè tìtorí rẹ̀ dúró. Ti agbègbè Scourie tó bílíọ̀nù mẹ́ta ọdún, ó wà lára èyí tó pẹ́ jù ní gbogbo Yúróòpù. Àwa tí a ti gun òkè Ìdànrè, tí a mọ bí ara àpáta ṣe máa ń gbóná lọ́sàn-án, a kò lè dé irú ibẹ̀ kí a máa wò ó láti ojú fèrèsé kí ọkọ̀ máa sáré lọ. Ohun tó mú mi takú lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí nìyẹn.

Tí ọmọ bá lè gba ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ yí i ká, kí ẹ sì ti ìlà-oòrùn bẹ̀rẹ̀: Inverness, Wick, John o' Groats, Thurso. Títì A9 fẹ̀, kọ́nà burúkú tó wà ní Berriedale ni wọ́n sì ti tún ṣe ní 2020. Ibẹ̀ ni ọwọ́ yín yóò ti mọ ọkọ̀ náà kí ẹ tó dé ibi tó le. Tí kò bá lè ju márùn-ún lọ, ẹ fi John o' Groats sílẹ̀. Ẹ gba A835 lọ sí Ullapool, títì gidi ni, ẹ gòkè lọ sí Durness, kí ẹ wo Smoo Cave, ihò àpáta ńlá tí odò ti ń já bọ́ láti òkè sínú rẹ̀. Ẹ wá padà sí Laxford Bridge, kí ẹ gba Lairg bọ̀ sí Inverness. Bí èmi ni, ìdajì yẹn ni n ó mú.

Apá òsì ni wọ́n ń gbà. Tí ẹ bá ti ń wa mọ́tò kí Nàìjíríà tó yí sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ẹ ó rántí. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi mọ́tò kékeré ọmọ yín mọ́ra ní Aberdeen.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé títì tóóró yẹn dáadáa, torí òun ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ ó máa rí pátákó funfun kékeré tí wọ́n kọ Passing Place sí. Ibẹ̀ ni títì ti fẹ̀ díẹ̀ kí ọkọ̀ méjì lè ríbi kọjá ara wọn. Ẹ rí ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ lókèèrè: ojú yín á kọ́kọ́ wá pátákó tó sún mọ́ yín jù. Tó bá wà lósì yín, ẹ yà sínú rẹ̀, ẹ dúró. Tó bá wà lọ́tùn-ún, ẹ má sọdá sí ọ̀tún o. Ẹ dúró sí ọ̀kánkán rẹ̀ lápá òsì yín, kí ẹni tó ń bọ̀ fúnra rẹ̀ yà wọ ibẹ̀. Yóò ṣẹ́ná sí yín tàbí kó juwọ́, ẹ̀yin náà ẹ juwọ́. Ẹni tó ń gun òkè bọ̀, ẹ fún un lọ́nà tó bá ti lè ṣeé ṣe. Bí ọkọ̀ bá tò sẹ́yìn yín, ẹ yà kí wọ́n kọjá, torí fàájì lẹ̀yin ń ṣe, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn yín ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ má gbé ọkọ̀ sí ibi ìyàgò yẹn láti ya fọ́tò, ẹ má sì sùn níbẹ̀. Láti 2015 tí wọ́n ti dá orúkọ North Coast 500 sílẹ̀ ni àwọn ará abúlé ti ń ráhùn lórí èyí, mo sì gbà pé ẹjọ́ wọn tọ́.

Bealach na Bà, òkè tó lọ sí Applecross, ẹ má gbé motorhome débẹ̀. Gíga rẹ̀ tó mítà 626, pátákó ńlá sì wà nísàlẹ̀ tó kìlọ̀ fún ọkọ̀ ńlá àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀. Ẹ yẹra fún B869 tó gba Drumbeg pẹ̀lú.

Ní ti ibi tí ẹ ó sùn, àwọn kan á sọ fún yín pé òfin Scotland gbà kí èèyàn pàgọ́ síbi tó bá wù ú. Òfin 2003 yẹn, ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ló wà fún, kò kan ohunkóhun tó ní ẹ́ńjìnnì. Ẹ gba àyè sílẹ̀ ní ọgbà tí wọ́n ti ń gbé motorhome sí, kí ẹ tó kúrò ní Àkúrẹ́. Níbẹ̀ lẹ ó ti rí iná fà, ẹ ó rí omi mímu pọn sínú táǹkì, ẹ ó sì rí ibi da omi ìdọ̀tí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ọkọ̀ ní àpótí kan nísàlẹ̀ tí wọ́n ń fà yọ láti ìta. Ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un nìkan lẹ ti gbọ́dọ̀ dà á. Mo rí ọkùnrin kan tó ń da tirẹ̀ sí kòtò létí odò tí àgùntàn ti ń mumi. Ó dùn mí dé ọkàn, mo sì sọ fún un.

Adéwálé, Ọ̀bà-Ilé

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Bàbá, lórí láísẹ́ńsì: àlejò lè fi láísẹ́ńsì Nàìjíríà tí kò tíì kú wakọ̀ lọ́hùn-ún fún oṣù méjìlá, tí ìwọ̀n ọkọ̀ náà pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀ kò bá ju kílò 3,500 lọ. Òfin ìjọba nìyẹn. Àwọn tó ń yáni lọ́kọ̀ tún ní òfin tiwọn. Òmíràn fẹ́ láísẹ́ńsì àgbáyé mọ́ tiwa, òmíràn kì í yá ẹni tó bá ti kọjá ọjọ́ orí kan. Ẹ kọ ímeèlì sí wọn, kí wọ́n fèsì ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan ti dé ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kan kí wọ́n tó sọ fún un pé láísẹ́ńsì rẹ̀ kò bá òfin àwọn mu, owó tó ti san kò sì padà. Ẹ jẹ́ kí orúkọ ọmọ yín wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ kejì, kí ẹ sì ya fọ́tò gbogbo ara ọkọ̀ náà, tòrùlé tòrùlé, kí ẹ tó gbé e.

Ọtí ńkọ́? Ẹ má fẹnu kàn án lọ́jọ́ tí ẹ bá máa wakọ̀. Láti ìparí 2014, ìwọ̀n tí Scotland gbà kéré sí ti England.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ ò ṣe yá mọ́tò kékeré, kí ẹ máa sùn ní gẹ́sítáòsì? Títì tóóró ò ní dààmú yín, ẹ ó sì lè dé Applecross.

Bàbá Tólú

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ mọ́tò kékeré yẹn ti ń wọ̀ mí lọ́kàn. Ìyá Ìbejì, kí lẹ rí sí i? Ẹ sì jọ̀wọ́, ìdáná ńkọ́, ibùsùn ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Oǹdó

Adéwálé, o ṣeun, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ láísẹ́ńsì yẹn bọ́ sí i. Ti gẹ́sítáòsì ni mi ò bá ọ lọ. Àgbàlagbà tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ní wákàtí wákàtí, wo bó ṣe máa rí nínú mọ́tò kékeré lójú ọ̀nà tí kò sí ilé. Nínú motorhome, ó dìde, ó wọlé, ó parí. Màmá Tólú á sì jẹ àmàlà rẹ̀.

Ẹran, pọ̀nmọ́, wàrà, ẹ má dì wọ́n o, wọ́n á gbà á ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹja gbígbẹ kò ní wàhálà tí kò bá ti ju kílò 20 lọ. Ẹja yíyan Ìgbókòdá ni mo dì, mo kó gààrí, èlùbọ́, àti ata gbígbẹ tí mo ti lọ̀ kúnná. Ilé ọmọ ni mo ti se ọbẹ̀, mo pín in sínú ike, ó wọ firíìjì ọkọ̀. Lójú ọ̀nà àmàlà nìkan ló kù láti rò. Sítóòfù inú ọkọ̀ náà kò dúró gbọin fún ọmọrogùn. Nígbà tí omi bá hó tí mo ti da èlùbọ́ sí i, mo máa ń sọ ìkòkò kalẹ̀ sórí aṣọ tútù nílẹ̀ ọkọ̀, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tì í, mo wá rò ó títí kókó á fi tán, kí n tó dá a padà sórí iná díẹ̀. Ẹ má yọ́ epo pupa gbóná jù nínú ọkọ̀. Ẹ ṣí fèrèsé òrùlé, torí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ èéfín á ké, gbogbo ọgbà á jí.

Kí ẹ tó ṣíná ọkọ̀ láàárọ̀, ẹ pa gáàsì, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan títí yóò fi dún kọ̀. Tí ẹ ò bá tì í, ní kọ́nà àkọ́kọ́ ìkòkò á já bọ́ lé ẹni tó jókòó lẹ́yìn. Inverness, Wick, Thurso àti Ullapool ni ilé ìtajà ńlá wà. Ẹ rajà níbẹ̀. Ilé epo jìnnà síra lápá àríwá, torí náà tí táǹkì bá ti dé ìdajì, èyí tí ẹ bá kọ́kọ́ rí ni kí ẹ yà sí.

Ibùsùn: ẹ má gba èyí tó wà lókè orí awakọ̀, àkàbà ni wọ́n fi ń gùn ún. Ẹ ní kí wọ́n fi fọ́tò inú ọkọ̀ ránṣẹ́, kí ẹ mú èyí tó ní ibùsùn lẹ́yìn tí èèyàn lè ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ ni kó sùn lókè.

Oṣù karùn-ún ni kí ẹ lọ. Ilẹ̀ kì í tètè ṣú nígbà náà, òjò máa ń dín kù, kantíkantí ibẹ̀ kò sì tíì pọ̀. Láti oṣù kẹfà wọ ìkẹjọ, tí afẹ́fẹ́ bá ti dá pẹ́nrẹ́n, wọ́n á wọ etí wọ imú, kò ní ṣeé jókòó síta. Nígbà òtútù, ọ̀pọ̀ ọgbà ti tì. Ẹ mú sùẹ́tà tó nípọn àti kóòtù òjò, oṣù karùn-ún wọn tutù ju ọyẹ́ Àkúrẹ́ lọ.

Bàbá Tólú

Ìyá Ìbejì, Olúwa á máa ṣọ́ yín. Motorhome náà la ó mú. Mo ti pe ọmọ, ó ní kò sí bí òun ṣe lè rí ju ọjọ́ márùn-ún gbà. Ohun tí mo wá tò nìyí: alẹ́ méjì ní Ullapool, alẹ́ méjì ní Durness, ọjọ́ karùn-ún kí a gba Lairg padà sí Inverness. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Oǹdó

Ó dára. Ẹ tètè jí kúrò ní Durness lọ́jọ́ karùn-ún, torí wọn kì í dúró de oníbàárà di alẹ́ níbi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ padà. Inú ọgbà tí ẹ sùn ni kí ẹ ti da àpótí ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ gbálẹ̀ ọkọ̀, kí ẹ sì rọ epo kún un kí ẹ tó wọ Inverness, kí wọ́n má baà gé nínú owó ìdógò yín.